Lẹ́tà Sí Ọmọ Àbúrò Mi Tó Ń Fi Kẹ̀kẹ́ Gbé Oúnjẹ Olóúnjẹ Kiri Bódìjà

Ìyànà Ọ̀fà, Lágelú

Ọkọ mi,

Ṣé ẹsẹ̀ ò ro ọ́? Mo béèrè ẹsẹ̀ ṣáájú àlàáfíà nítorí wọ́n ní òun ló ń bọ́ ọ báyìí.

Ìyá rẹ ló fi àwòrán ránṣẹ́ sí mi. Kò tilẹ̀ kí mi dáadáa. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wá wo ohun tí ọmọ yín sọ ara rẹ̀ dà." Ìwọ náà mọ ìwà ìyá rẹ. Lọ́jọ́ tí o gbàwé ẹ̀rí ní yunifásítì, ọmọ tirẹ̀ ni ọ́. Lọ́jọ́ tí o gun kẹ̀kẹ́, o di ọmọ mi. Ó dáa, mo gba ọmọ mi. Mo gbé awò sójú, mo wo àwòrán náà títí. Ṣòkòtò dúdú tó fún mọ́ itan pinpin, akoto oníhò lórí, awò dúdú lójú nígbà tí oòrùn ti wọ̀, àpótí ńlá kan lẹ́yìn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó ìwọ fúnra rẹ. Lábẹ́ ẹ̀ ni o wá kọ ọ́ sí pé o ti dara pọ̀ mọ́ àwọn tó ń gbé àṣà tuntun wọ Ìbàdàn, àṣà kẹ̀kẹ́ gígùn.

Tuntun kẹ̀?

Mo kà á sókè fún àwọn àgbà tó jókòó lábẹ́ ìbòòji ní ìyànà. Bàbá kan tó dẹ́mu títí eegun ẹ̀yìn fi kọ̀ fún un rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Òun ló ní kí n kọ̀wé sí ọ. Mo ní n ó kọ ọ́ síta gbangba, kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ tó ń gbé àpótí kiri Bódìjà, Agbowó àti Mókọ́lá lè bá ọ kà á.

Jẹ́ kí n sọ àwọn tó ti ṣe iṣẹ́ rẹ ṣáájú rẹ. Kí ọ̀dà tó dé ọ̀pọ̀ ọ̀nà abúlé wa, kẹ̀kẹ́ ológeere ló ń gbé ìlú wọ oko, tó ń gbé oko wọ ìlú. Tísà ń gùn ún. Kàtíkísì ń gùn ún. Akọ̀wé kòkó ń gùn ún, ìwé rẹ̀ lábíyá, owó ẹlòmíràn lápò. Bí ẹrù bá fẹ́ wọ rélùwéè ní Lálúpọn, lójú ọ̀nà irin tó ti dé Ìbàdàn láti 1901, tó sì kọjá lọ sí Òṣogbo ní 1907, orí kẹ̀kẹ́ tàbí orí èèyàn ni yóò gbà débẹ̀. Wòlé-wòlé ńkọ́? Kẹ̀kẹ́ ni tirẹ̀ náà. Bí aago rẹ̀ bá ti dún kíríń ní ìpẹ̀kun abúlé, kíá ni àwọn ìyá á máa da omi àmù tó ti ní tanwíjí nù, àwọn tí kò tíì gbálẹ̀ á sì sá gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Ìwọ náà, tí o bá dé ẹnu ọ̀nà báyìí, inú àwọn èèyàn ń dùn, wọ́n ń sáré jáde wá gba ìrẹsì. O ò rí i bí ayé ṣe yí padà: kẹ̀kẹ́ tí à ń sá fún tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń dúró dè báyìí.

Ṣùgbọ́n ẹlẹ́mu ni ọ̀gá gbogbo wọn. Mo fẹ́ kí o fara balẹ̀ gbọ́ ti ẹlẹ́mu. Afẹ̀mọ́júmọ́ ló ti gun ọ̀pẹ. Ó kọ́ kèrègbè sí ọ̀tún, ó kọ́ ọ sí òsì, ó so ìkan mọ́ kárìà lẹ́yìn, ó tún lè gbé ọmọ síwájú. Ẹmu ń hó, ó ń yọ ìfófòó lẹ́nu kèrègbè, ọ̀nà kún fún gbòǹgbò àti kòtò, bàbá náà á sì dé ọjà láìda ìkán sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kò lè pẹ́ lọ́nà o, nítorí ẹmu òwúrọ̀ ò dúró de ẹnikẹ́ni. Bí oòrùn bá kàn án lórí, ó ti kan nìyẹn, oníbàárà á sì sọ bẹ́ẹ̀ sí i lójú. Ìwọ tí wọ́n fún ní àpótí onífóòmù, tí wọ́n fún ní máàpù, tí ìrẹsì tí o gbé dákẹ́ jẹ́ẹ́ sínú ike, ọbẹ̀ ṣì ń dà sí i. Má ṣèké fún mi, ìyá rẹ ti sọ ọ́.

Bàbá wa, bàbá tó bí ìyá rẹ, ní Raleigh dúdú kan. Ìlú Nottingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ń ṣe irú rẹ̀ láti ìparí àwọn ọdún 1880. Ọjọ́ Sátidé ni bàbá máa ń fi kẹrosíìnì nu ṣéènì rẹ̀, á fi àkísà nu sípókù lọ́kọ̀ọ̀kan, á wá fi aṣọ bò ó. Àwa ọmọ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Mo ti rí i tó fi kárìà kẹ̀kẹ́ yẹn gbé aláboyún lọ sílé ìwòsàn lóru, tó gbé adìẹ ìyàwó tuntun, tó gbé páànù, tó gbé ìwé tí wọ́n kọ láti Èkó wá fún ará abúlé tí kò mọ̀wé kà, tó sì dúró kà á fún un. Kò gba owó iṣẹ́ lórí ìyẹn, kò sì sẹ́ni tó fún un ní ìràwọ̀ márùn-ún. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, ọkọ mi, kò lè ní àkísà bí àgbà. O ní akoto, o ní ibọ̀wọ́ tó gé níka, o ní ike omi tó há sára kẹ̀kẹ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ò ń ṣe yẹn, iṣẹ́ ilé wa ni.

Kí ló wá lé kẹ̀kẹ́ lọ nílẹ̀ yìí? O lè sọ pé ọ̀kadà ni. Òótọ́ ni pé láti ìparí àwọn ọdún 1980 ni alùpùpù ti di ohun tí wọ́n fi ń kó èrò, tó fi tàn ká gbogbo ìlú àti oko. Ó yá ju kẹ̀kẹ́ lọ, ó ń gbé èèyàn mẹ́ta àti àpò gàrí kan, kò sì béèrè agbára lọ́wọ́ ẹni tó ń gùn ún. Ṣùgbọ́n alùpùpù nìkan kọ́. Ìtìjú wà níbẹ̀. Ẹni tó ra ọ̀kadà di ẹni ńlá. Ẹni tí kẹ̀kẹ́ ṣẹ́ kù sí lọ́wọ́ di ẹni tí ayé ò rọ̀ fún. Àwọn ọmọ tó yẹ kó máa gun kẹ̀kẹ́ relé ìwé ń fẹsẹ̀ rìn nínú oòrùn, nígbà tí Raleigh bàbá wọn ń dípẹtà lẹ́yìn àká. Ìyá rẹ wà lára wọn o. Bi í léèrè ẹni tó kọ̀ láti jókòó sórí kárìà bàbá nígbà tó wọ sẹ́kọ́ńdírì, tó ní kí ọ̀rẹ́ òun má rí òun. Ìdí nìyẹn tí ariwo rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ rẹ kò fi yà mí lẹ́nu.

Ní báyìí o ní àṣà ló dá kẹ̀kẹ́ padà. Mo bọ̀wọ̀ fún àṣà, ṣùgbọ́n owó epo ni mo rí. Ní May 29, 2023, ààrẹ tuntun búra wọlé, ó ní owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Lítà bẹntiróòlù kan kò tó 200 náírà lọ́jọ́ yẹn. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tó fi di nǹkan bí 500, nígbà tó fi máa di October 2024, ó ti lé ní 1,000. Kó tó dìgbà yẹn, Èkó ti lé ọ̀kadà kúrò ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà ní February 1, 2020, àwọn ilé iṣẹ́ bí Gokada àti MAX tó ń fi alùpùpù kó èrò sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù dípò èèyàn. Kòrónà dé lẹ́yìn ìyẹn, àwọn èèyàn jókòó sílé, wọ́n kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi fóònù pe àmàlà. Glovo, ilé iṣẹ́ tó ń bá èèyàn gbé oúnjẹ, dé Èkó ní 2021, ọdún yẹn náà ni Chowdeck, irú rẹ̀, bẹ̀rẹ̀, irú òwò yẹn sì ti wọ Ìbàdàn. Ṣé o rí i bí ó ṣe tẹ̀ léra? Ẹni tó ń fi alùpùpù gbé oúnjẹ láti òpópónà kan dé èkejì ń da púpọ̀ nínú èrè rẹ̀ sínú táǹkì. Ìwọ tí o ń fẹsẹ̀ wà á, ẹ̀bà tí o jẹ láàárọ̀ ni epo rẹ. Nínú gbogbo ìdí tí o kọ sábẹ́ àwòrán, o ò mẹ́nu ba ẹ̀bà.

Èmi ò sì ní fi ìyẹn ṣe ẹ̀sín rẹ. Ọgbọ́n ni. Ohun tí mo fi ń ṣe ẹ̀sín rẹ ni ìgbéraga tí o fi ń sọ pé o gun kẹ̀kẹ́ láti Bódìjà dé Challenge. O ní àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Ní 1952, ọmọ Yorùbá kan, Moshood Ọlábísí Àjàlá, tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Amẹ́ríkà, gbé kẹ̀kẹ́ kúrò ní Chicago, ó di Los Angeles. Ìrìn náà lé ní 3,000 kìlómítà, nǹkan bí oṣù kan ló gbà. Aṣọ ilẹ̀ wa ló wọ̀, ó ń dúró ní ìlú dé ìlú, ó ń sọ̀rọ̀ fún àwọn òyìnbó kí wọ́n lè mọ̀ pé èèyàn bí tiwọn ló wà ní Áfíríkà. Gbọ́ o: aṣọ ńlá! Kò sí ṣòkòtò pinpin, kò sí awò dúdú aláràbarà. Nígbà tó yá, ó gun alùpùpù Vespa kékeré yí ayé ká, ó kọ ìwé lé e lórí ní 1963, Ebenezer Obey sì fi orúkọ rẹ̀ kọrin tó fi jẹ́ pé títí dòní, ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbélé, Àjàlá ni à ń pè é. Nítorí náà, bí o bá dé Challenge, sọ̀ kalẹ̀, kí o mu omi, kí o sì rẹ ara rẹ sílẹ̀.

O tún ráhùn òkè. O ní òkè Mókọ́lá fẹ́ pa ọ́. Ẹni tó tẹ Ìbàdàn dó kò mọ̀ pé o máa gbé fráídì ráìsì gba ibẹ̀. Ṣùgbọ́n bí òkè bá ń dí kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́, Rùwáńdà kì bá tí gùn ún. Òkè ni gbogbo ilẹ̀ wọn, síbẹ̀ Kígálì ni wọ́n ti ṣe ìdíje kẹ̀kẹ́ àgbáyé ní September 2025, ìgbà àkọ́kọ́ tó wá sí Áfíríkà. Biniam Girmay, ọmọ Eritrea, orí òkè ló ti dàgbà. Ní July 2024, òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ láti Áfíríkà tó gba ipò kìíní lọ́jọ́ kan nínú ìdíje Tour de France. Mẹ́ta ló gbà lọ́dún yẹn, tó fi wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ewé délé. Àwa ńkọ́? Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, Ese Ukpeseraye ṣojú Nàìjíríà ní Òlíḿpíìkì Paris. Kẹ̀kẹ́ ojú títì ló bá lọ. Nígbà tí ààyè ṣí sílẹ̀ fún un láti tún díje nínú pápá, kò sí kẹ̀kẹ́ pápá. Àwọn ará Jámánì ló yá a ní tiwọn. Mo ka ìyẹn, ojú tì mí, mo sì tún yọ̀ fún un pé ó gùn ún. Orílẹ̀-èdè tí bàbá wa ń fi àkísà nu sípókù lọ́kọ̀ọ̀kan ló ń yá kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ ẹlòmíràn!

Ẹ̀rín mi parí síhìn-ín fún ìgbà díẹ̀, nítorí mo ní ọ̀rọ̀ kan tí mi ò fẹ́ kí o fi ẹ̀rín gbé e.

O sọ fún mi pé o ò ní ọ̀gá, ìwọ ni ọ̀gá ara rẹ. Ó dáa. Ta ló ń sọ ilé tí o máa lọ? Fóònù. Ta ló ń ka ìṣẹ́jú mọ́ ọ lórí? Fóònù. Ta ló ń dín owó rẹ kù bí o bá pẹ́, tó ń sọ pé o ò ní rí iṣẹ́ mọ́ bí oníbàárà kan bá bínú? Fóònù náà ni. Bí èyí kò bá jẹ́ ọ̀gá, kí ló ń jẹ́ ọ̀gá? Ọ̀gá bàbá ẹlẹ́mu ni ẹmu, ṣùgbọ́n ẹmu kì í kọ̀ láti gbọ́ tẹnu rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ Míkírà kan gbá ọ ní ẹ̀gbẹ́, tí o fi orúnkún họ títì, wọ́n yọ owó oúnjẹ tó dà nù lára èrè rẹ. Owó oògùn àti bándéèjì, ìyá rẹ ló san án. N ò ní dárúkọ àwọn tí o ń ṣiṣẹ́ fún, nítorí n kò mọ ojú wọn, ìwọ gan-an ò sì mọ̀ ọ́n. Ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú.

Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sí ọ̀dọ̀ wa. Ní November 2023, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá a pé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kò lè fi òfin mú ilé iṣẹ́ Deliveroo láti bá a dúnàá-dúrà lórí ọ̀rọ̀ àwọn tó ń gbé oúnjẹ fún un. Ohun tí wọ́n rí dì mú ni pé ẹni tó gba iṣẹ́ lè rán ẹlòmíràn lọ jẹ́ ẹ. Ṣé o gbọ́? Bí ìwọ náà bá rán àbúrò rẹ lọ, ẹjọ́ rẹ tán. Ní Spain, wọ́n gbà á lọ́nà mìíràn: òfin kan jáde ní 2021 pé òṣìṣẹ́ ni ẹni tó ń gbé oúnjẹ fún irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Glovo, tí Barcelona jẹ́ ilé rẹ̀, bá òfin náà fà á títí di December 2024 kó tó sọ pé òun yóò gba àwọn oníkẹ̀kẹ́ òun síṣẹ́ ní ilẹ̀ náà. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń pàdé lábẹ́ afárá, tí ẹ ń ya àwòrán pẹ̀lú àpótí, ẹ fi ìpàdé yẹn ṣe nǹkan. Ẹ máa dá ẹgbẹ́ àjọ, kí ẹni tó bá ṣubú lè rí owó oògùn láìtọ ìyá rẹ̀ lọ. Ilé Yorùbá ni ẹ ti wá. Àjọ kò ṣàjèjì sí yín.

Ó yá, jẹ́ kí n padà sí ẹ̀sín mi.

Akoto rẹ. N ò bá ọ jà lórí akoto, mo fẹ́ràn rẹ̀. O kéré nígbà náà, o lè má rántí: ní January 2009, àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ní dandan ni kí gbogbo ọlọ́kadà àti èrò ẹ̀yìn wọn máa dé akoto. Àwọn kan kò rówó rà á, àwọn kan kò fẹ́ rà á, wọ́n bá dé igbá. Igbá gidi, tí wọ́n ti kun ní ọ̀dà, tí wọ́n so okùn mọ́. Àwọn èrò náà kọ̀ láti dé akoto tí ọlọ́kadà gbé fún wọn, wọ́n ní oògùn lè wà nínú rẹ̀, kí àwọn má lọ pòórá. Nítorí náà, bí mo ṣe rí tìrẹ tó ní ihò bẹ́ẹ̀, ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé oògùn inú ẹ̀ á ti jò tán.

Ẹ̀sùn mi tó tóbi jù rèé. Wọ́n ní bí o bá ń bọ̀ nílé, o máa ń ti kẹ̀kẹ́ mọ́ ṣọ́ọ̀bù ọ̀rẹ́ rẹ ní Ìwó Róòdù, o máa ń pààrọ̀ ṣòkòtò, o wá gun ọkọ̀ wọ Ìyànà Ọ̀fà pẹ̀lú ṣáàtì àti bàtà aláwọ. Ọkùnrin tó ń fi kẹ̀kẹ́ ṣe fáàrí lórí fóònù fún gbogbo ayé ló ń tijú kí bàbá ẹlẹ́mu má rí kẹ̀kẹ́ lábẹ́ òun! Ìwọ àti ìyá rẹ, ẹ̀jẹ̀ kan náà ni ẹ.

Tí o bá sọ pé ọ̀nà Ìwó ló ń bà ọ́ lẹ́rù, n ó gbà fún ọ. Àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ń sáré, ẹ̀gbẹ́ títì ti jẹ wọnú, kò sí ibì kan tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́. Àwọn tó ń ṣe títì rò pé mọ́tò nìkan ló ń rìn. Bẹ́ẹ̀ òfin kò gbàgbé kẹ̀kẹ́ o. Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, nínú Àfikún rẹ̀ Kẹrin, kọ ọ́ sílẹ̀ pé iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni láti máa fún kẹ̀kẹ́, ọkọ̀ ojú omi, bárò àti ọmọlanke ní láísẹ́ǹsì. Ìyànà Ọ̀fà níbí ni olú ilé iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Lágelú wà, kò jìnnà sí ibi tí mo jókòó sí kọ̀wé yìí. Bàbá wa san owó láísẹ́ǹsì kẹ̀kẹ́ rẹ̀ fún kánsù títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Bí ìwọ àti ẹgbẹ́ rẹ bá tò lọ síbẹ̀ pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ ogún, tí ẹ ní láísẹ́ǹsì ni ẹ wá gbà, ẹ óò rí ojú àwọn akọ̀wé. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti sanwó ni ẹ óò wá lẹ́nu láti béèrè ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà yín.

Iṣẹ́ sì wà níbí fún kẹ̀kẹ́ tó gbọ́n. Ẹyin ń jáde láti inú oko adìẹ wa lójoojúmọ́. Ẹ̀fọ́ ń jáde. Ìyá tó nílò oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ń san owó ọ̀kadà tó ju owó oògùn lọ kó tó dé ilé oògùn, àwọn mìíràn kì í tilẹ̀ lọ mọ́. Ọmọ kan tó ní kẹ̀kẹ́, àpótí àti fóònù lè yí abúlé mẹ́fà ká kí oòrùn tó mú, láìra lítà epo kan. Bàbá ẹlẹ́mu ní òun yóò fi ọ̀nà àbùjá hàn ọ́, pé òun ṣì mọ gbogbo ibi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú.

Sátidé tó ń bọ̀, gun kẹ̀kẹ́ náà wálé. Má ti í mọ́ ṣọ́ọ̀bù ẹnikẹ́ni. Ra iná pupa fún ẹ̀yìn rẹ̀, dán bíréèkì wò, tètè gbéra láàárọ̀ kí àwọn akẹ́rù tó pọ̀ lójú ọ̀nà, kí o sì wọ ṣòkòtò pinpin yẹn, nítorí mo ti ṣèlérí fún àwọn àgbà pé wọ́n á rí i. Bí ìyá rẹ bá ní kí o má gùn ún, sọ fún un pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ní kí o gùn ún.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ